Orí Kẹfà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́, Fíìmù àti Ìpàtẹ ní Gbọ̀ngàn Ìlú. Ìtọ́nà fún Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti Gbogbo Àkókó

Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo. Òun àti Ulli Beier, ará Jámánì, ni wọ́n sọ ilé ọtí náà di ilé àṣà. Wọ́n ń ṣe eré níbẹ̀, wọ́n ń fi àwòrán kọ́ ara ògiri, wọ́n sì ń pe àwọn èèyàn wá sọ̀rọ̀. Mbari ni orúkọ tí wọ́n mú wá láti Ìbàdàn, níbi tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1961. Èdè Ìgbò ni orúkọ náà. Àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ Ìgbò, etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ, wọ́n ní: "M bá rí, m bá yọ̀." Bí ilé náà ṣe di Mbari Mbayo nìyẹn. Ibẹ̀ ni eré Ládiípọ̀, Ọba Mọ́rọ̀, ti jáde lọ́dún náà, kí Ọba Kò So tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ bíi Twins Seven Seven, Jimọ̀h Búráímọ̀ àti Múráínà Oyèlámì ti di oníṣẹ́ ọnà tí ayé mọ̀.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú nítorí pé "Gbọ̀ngàn dà?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ dá irú ètò yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Gbọ̀ngàn dára, ṣùgbọ́n ilé ọtí tó fún Òṣogbo. Ohun tó sọ ilé náà di tiwọn ni pé wọ́n rí ara wọn nínú ohun tí wọ́n wò, wọ́n sì fún un ní orúkọ tó wá láti ẹnu wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀ orí yìí dé òpin nìyẹn. Ètò tí ará ìlú bá wá wò lásán, tí wọn kò fi nǹkan kan kún, ètò àlejò ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ bíbí ìlú ló ṣe é.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Ẹ lè pe ọ̀jọ̀gbọ́n wá sọ̀rọ̀ lórí ìṣèlú, kí ẹ fi fíìmù ìlú òkèèrè hàn, kí ẹ sì to fọ́tò àwọn ọba àná sára ògiri. Nǹkan mẹ́ta tí kò mọ ara wọn ni ẹ kó sínú yàrá kan yẹn. Ẹni tó wá yóò gbádùn ẹran díndín, yóò sì lọ sílé láìní ohun tí yóò rò fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ohun tó dára ni pé kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan, kí fíìmù fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn, kí ìpàtẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ èèyàn kàn án.

Ilẹ̀ Àkókó ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún yín. Mẹ́rin nìyí:

Òkè. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Tápà láti Bídà bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ yìí láàmú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú sì sá sí. Ogun náà kò tán bọ̀rọ̀ títí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìíní 1897. Lónìí, àwọn onígbàgbọ́ ìjọ Àgùdà ń gun Òkè Màríà ní Ọ̀kà lọ gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ òkè, ìtàn méjì: ibi ìsádi láyé ogun, ibi àdúrà láyé àlàáfíà.

Aṣọ. Láti Ọ̀wọ̀ títí dé Àkókó, títí dé apá Kàbà, obìnrin ló ni òfì tó ń dúró tira ògiri. Kíjìpá ìyá àgbà wà nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ ilé, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀.

Èdè. Kò sí ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá tí èdè pọ̀ sí tó báyìí. Wọ́n ń sọ Ukaan ní Ìkákùmọ̀, Ìṣẹ̀ àti Àuga. Wọ́n ń sọ Abẹ̀sàbẹ̀sì ní Ìbarámù, Ìkárámù, Gèdègédé àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Arìgìdì ní tiwọn, Èrúṣú ní tiwọn, àwọn ará Òkè-Àgbè náà ní tiwọn. Yorùbá tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé àti Gẹ̀ẹ́sì ló wá ń gba ẹnu àwọn ọmọ wọn báyìí.

Iṣu. Èyí ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ dé òpin orí yìí, nítorí kò sí ilé tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀.

Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá

Kí ẹ tó yá àga, kí ẹ tó tẹ ìwé ìpè, ẹ lọ sí ààfin. Adé méjì ni Ìkàrẹ́ ní: Olúkàrẹ́, àti Ọwá-Alẹ́ ti Ìyòmẹ̀ta. Kí lẹ́tà lọ sí ààfin méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀rọ̀ inú wọn dọ́gba, kí ó jẹ́ àgbà nínú yín ló mú un lọ. Gbọ̀ngàn àṣà kì í ṣe ibi tí a ti ń dá ẹjọ́ oyè, ẹ má sì jẹ́ kí ìwé ètò yín dá a. Ní Ọ̀kà, ọ̀dọ̀ Olúbàkà ni ẹ máa lọ. Lẹ́yìn ààfin, ẹ kí ìyálọ́jà, olórí àwọn àgbẹ̀, olórí ọdẹ, ìmáàmù àti àwọn àlùfáà ìjọ. Ìkíni yìí lè gbà yín tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má kánjú níbẹ̀, nítorí ẹni tí a kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ nìkan ló máa ń wá bi wá léèrè lójú agbo pé ta ló rán wa níṣẹ́.

Bí ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn bá jẹ mọ́ egúngún, orò tàbí ojúbọ, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi onílé: Ṣé a lè fi hàn? Ta ni kò gbọdọ̀ rí i? Ta ni yóò dúró tì í láti àárọ̀ títí alẹ́? Bí ó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ ayàwòrán mọ́. Bí ó bá ní kí obìnrin má rí i, a jẹ́ pé kò yẹ nínú gbọ̀ngàn tí gbogbo ìlú ń wọ̀. Ẹ má fi aṣọ bò ó sí igun kan kí ẹ rò pé ẹ ti ṣe é. Ilé tó fi í pa mọ́ kò ṣẹ̀ yín. Ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún lọ́dún yìí lè mú nǹkan mìíràn tó ṣeé fi hàn wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ibi àti àsìkò

Gbọ̀ngàn ìlú, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ girama tàbí gbọ̀ngàn ìjọ tó bá gbà fún gbogbo ẹ̀sìn, gbogbo rẹ̀ ló dára. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ń ta wọ ojú fèrèsé. Àwọn ohun tí ẹ máa wò nìyí:

Fèrèsé mélòó ni aṣọ dúdú máa bò? Ojú iná mélòó ló ń ṣiṣẹ́? Ṣé àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn lè wọlé láìgun àtẹ̀gùn? Ṣé ilé ìtura obìnrin ní omi? Ṣé ògiri kan wà tó tó mítà mẹ́ta ní fífẹ̀, tí kò ní fèrèsé, tí a lè ta aṣọ funfun sí?

Ẹ wo òrùlé pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ páànù lásán, tí kò ní àjà, òjò kan ṣoṣo ti tó láti pa ohùn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ti fíìmù pọ̀. Nítorí náà, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òwúrọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni òjò sábà máa ń dé. Láti oṣù kọkànlá lọ, ìbẹ̀rù òjò dínkù, àmọ́ eruku ọyẹ́ á máa bà lé ojú ẹ̀rọ. Ẹ mú aṣọ rírọ̀ dání láti fi nù ún.

Ní ti ọjọ́, ẹ yẹra fún ọjọ́ ọjà, nítorí ìyá tó yẹ kó wá sọ̀rọ̀ lórí aṣọ wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ yẹra fún ọ̀sán Jímọ̀ àti òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ Sátidé dára bí kò bá sí òkú ńlá nínú ìlú. Ẹ bèèrè kí ẹ tó mú un, torí kò sí fíìmù tó lè bá ìsìnkú àgbà du èrò. Ẹ jẹ́ kí ètò parí kí agogo mẹ́rin tó lù, kí àlejò tó ń padà sí Ọ̀wọ̀ tàbí Kàbà lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àǹfààní kan wà tí àwọn ìlú mìíràn kò ní: Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà ní Àkùngbá, láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, onímọ̀ ìtàn àti onímọ̀ èdè wà níbẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka wọn ní oṣù méjì ṣáájú, kí ẹ má sì mú ọjọ́ ètò sí àsìkò ìdánwò.

Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì, àga kan náà

Olùkọ́ yunifásítì mọ ibi tí iṣu ti wá, ó mọ orúkọ rẹ̀ lédè onímọ̀, ó mọ ohun tí ilẹ̀ tó ti gbó ń ṣe sí i. Àgbẹ̀ tó ti kọ ebè fún ọdún márùndínláàádọ́ta mọ èyí tó máa ń ta dáadáa lẹ́bàá òkúta, ó mọ bí a ṣe ń to iṣu sínú abà kí eku má baà jẹ ẹ́. Ẹ pe àwọn méjèèjì. Kí olùkọ́ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n sì bi ara wọn ní ìbéèrè fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó fi makirofóònù fún àwọn èrò.

Irú àga kan náà ni kí àwọn méjèèjì jókòó lé, kí owó ọkọ̀ wọn sì dọ́gba. Bí ẹ bá gbé àga onítìmùtìmù fún olùkọ́, tí ẹ fún àgbẹ̀ ní àga oníke, ẹ ti sọ fún gbogbo ilé ẹni tí ẹ gbà pé ó mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ kò ní jáde lẹ́nu àgbẹ̀ náà mọ́.

Ẹ lọ bẹ àgbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú. Lẹ́ẹ̀kìíní, kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú oko. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ jọ mú kókó mẹ́ta tó máa sọ. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ fún un kà. Kí ó sọ ọ́ ní ẹ̀ka èdè ìlú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Ukaan tàbí Arìgìdì ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ wá ògbufọ̀ tí yóò máa tú u sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ láti inú sípíkà nínú gbọ̀ngàn ìlú yóò mọ̀ pé èdè náà kì í ṣe ti ẹ̀yìn ààrò nìkan.

Ní ti alága ètò: ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ẹnì kan ṣoṣo kí gbogbo àwọn ẹni ọ̀wọ̀ tó wà níjòkòó lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó bá tún gba makirofóònù lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé, "Mo fọwọ́ sí ìkíni ìṣáájú." Èyí nìkan lè dá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú padà fún yín.

Fíìmù

Sinimá kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ọkọ̀ ìjọba máa ń gbé sinimá káàkiri ìlú, wọ́n á ta aṣọ funfun sí gbangba. Nígbà tí Ọlá Balógun ṣe fíìmù Àjàní Ògún ní 1976, tí Adé Love àti àwọn eléré mìíràn sì tẹ̀ lé e, ńṣe ni wọ́n ń gbé fíìmù àti ẹ̀rọ láti gbọ̀ngàn ìlú kan dé òmíràn. Àwọn àgbà yín rántí. Ẹ bi wọ́n léèrè kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní tijú láti tún sọ̀rọ̀.

Àmọ́ fíìmù àkọsílẹ̀ yàtọ̀ sí eré. Kò sí òṣèré níbẹ̀. Ẹni tí ẹ rí, òun gan-an nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ lè gbà rí i.

Àkọ́kọ́, èyí tó ti wà nílẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí orin àtijọ́, Faaji Agba tí Remi Vaughan-Richards ṣe nípa àwọn àgbà olórin Èkó yẹ fún un. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe fíìmù, ẹ sọ ọjọ́, ibi, iye èrò tí ẹ ń retí àti bóyá ẹ máa gbowó ẹnu ọ̀nà. Ẹ má fi èyí tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì hàn láìgbàṣẹ; òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 kò gbà á láyè. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fi òfin 1993 dá sílẹ̀, ló ń fọwọ́ sí fíìmù tí wọ́n bá máa fi han gbogbo ènìyàn. Ẹ bi ẹni tó ni fíìmù bóyá ó ti gba ìwé rẹ̀.

Èkejì, èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa tí kò tíì padà wálé. Onímọ̀ èdè kan, Sophie Salffner, tó kàwé ní SOAS ní Lọ́ńdọ̀n, gba ohùn àti àwòrán àwọn tó ń sọ Ikaan, ọ̀kan nínú ẹ̀ka Ukaan, sílẹ̀ ní Ìkákùmọ̀. Iṣẹ́ oko, oúnjẹ àti iṣu wà lára ohun tó gbà sílẹ̀. Àwọn nǹkan náà wà ní ELAR, ilé ìpamọ́ fún àwọn èdè tó ń kú lọ, tó wà ní Lọ́ńdọ̀n tẹ́lẹ̀ kó tó kó lọ sí Bẹ̀lín ní 2021. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè wo èyí tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀. Àwọn mìíràn gba pé kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ ààyè. Ẹ rò ó wò: gbọ̀ngàn kan ní Ìkàrẹ́, ìlú tí Ìkákùmọ̀ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, tí àwọn tó wà nínú fíìmù, tàbí àwọn ọmọ wọn, jókòó ní ìlà iwájú. Kò sí fíìmù tó lè dùn tó ìyẹn.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ ṣe é fúnra yín. Fóònù kan, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń gbé e dúró àti makirofóònù kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ ti tó fún fíìmù oníṣẹ́jú 12. Ẹ gbé fóònù sí ìbú, ẹ má gbé e sí òòró. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ máa ṣiṣẹ́ bí ó ti ń sọ̀rọ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ máa rántí ohun tí ẹnu rẹ̀ gbàgbé. Kí ó dárúkọ ara rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ń yà á. Kí ó sì sọ lẹ́nu ara rẹ̀, nínú fíìmù náà, pé òun gbà kí wọ́n fi han ènìyàn.

Ohun èlò ọjọ́ fíìmù:

Pírójẹ́tọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó lumen 3,000, ó kéré tán. Aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, kí ó má rúnjọ. Sípíkà méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Jẹnẹrétọ̀ àti epo tó lè lo wákàtí mẹ́fà, kí ó jìnnà sí ojú fèrèsé nítorí ariwo àti èéfín. Bátìrì inverter bí ẹ bá rí i, kí iná tó bá lọ má baà pa kọ̀ǹpútà. Wáyà HDMI méjì. Fíìmù náà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, àti lórí fúláàṣì méjì.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti jókòó níbi ètò kan tí fíìmù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Èrò pé, ọba dé, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ. Ogójì ìṣẹ́jú la fi wo àmì roboto tó ń yí lójú aṣọ funfun. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń dán gbogbo fíìmù wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nínú gbọ̀ngàn náà gan-an, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí a máa lò.

Nígbà tí fíìmù bá parí, ẹ má tan gbogbo iná pa pọ̀ kí ẹ sì máa pín rìfíréṣímẹ́ǹtì. Ìjíròrò ló kàn. Ní Freedom Park ní Èkó, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n láyé òyìnbó amúnisìn, ayẹyẹ fíìmù àkọsílẹ̀ i-REP ti ń wáyé láti 2011. Ohun tó mú un pẹ́ ni pé wọ́n máa ń jókòó sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n wò. Ẹ ya ìṣẹ́jú 40 sọ́tọ̀ fún un, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ sì jẹ́: "Kí ni fíìmù yìí fi sílẹ̀ tí ẹ mọ̀?"

Ìpàtẹ

Nǹkan ogún tó dára sàn ju ọgọ́rùn-ún lọ. Fún ìpàtẹ iṣu: ọkọ́ àtijọ́ àti ọkọ́ tuntun, àdá, agbọ̀n, odó àti ọmọ odó, ìkòkò tí wọ́n fi ń se iṣu, okùn tí wọ́n fi ń di iṣu mọ́ abà, àti iṣu fúnra rẹ̀: ewùrà, èsúrú, àti gbogbo iṣu funfun tí àwọn àgbẹ̀ bá mú wá. Ẹ fi fọ́tò oko tí a yà ní oṣù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Bí ẹ bá ti yá ohun kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín, ibi tó ti sán tàbí tó ti ya, ọjọ́ tí ẹ máa dá a padà. Ẹ yà á ní fọ́tò níwájú onílé, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí onílé kò bá mọ̀ọ́kọ, kí ó tẹ̀ka, kí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ ṣẹlẹ́rìí.

Bí ẹnì kan bá gbé ohun àtijọ́ tó ti inú ilẹ̀ jáde wá, ère amọ̀ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ òkúta, ẹ má rà á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á níbẹ̀. Òfin 1979 tó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò gba ẹni tí àjọ náà kò fún láṣẹ láyè láti máa ra irú ẹ̀ tà. Ẹ ké sí àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀wọ̀ láti 1968, lẹ́bàá ààfin Ọlọ́wọ̀. Ní 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú àwọn ère amọ̀ tó lókìkí jáde ní Igbó Láàjà ní ìlú náà. Bí ẹnì kan bá ti fi ọkọ́ hú wọn tà lójú títì ṣáájú ìgbà náà, a kì bá má mọ ohun tí Ọ̀wọ̀ jẹ́ láyé àtijọ́. Ẹ kó ìgbìmọ̀ yín lọ wo ilé náà kí ẹ tó ṣe ìpàtẹ tiyín. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to nǹkan, bí wọ́n ṣe kọ àlàyé, ibi tí iná wà. Ẹni tó bá rìn jìnnà dé Èkó, kó dé John Randle Centre ní Onikan pẹ̀lú, ilé tí wọ́n kọ́ nítorí àṣà àti ìtàn Yorùbá nìkan.

Ìwé àlàyé ni ọkàn ìpàtẹ. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, ní lẹ́tà ńlá tí ẹni ọgọ́rin ọdún lè kà láìwá gíláàsì, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ojú àgbà tó dúró máa bá a. Ẹ kọ orúkọ ohun náà ní èdè ìlú tí a ti yá a. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín, bó bá fẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lófo nísàlẹ̀, kí ẹ so bírò mọ́ ọn, kí ẹ kọ sókè rẹ̀ pé: "Kí ni a ń pè é nílé yín?" Bí ẹ kò bá ṣe ohunkóhun mìíràn nínú orí yìí, ẹ ṣe èyí. Ìlà òfo mẹ́ta yẹn ni yóò sọ ìpàtẹ yín di ti ìlú.

Ìkéde

Ìwé àlẹ̀mọ́ ògiri dára, ṣùgbọ́n ẹnu ló ń kó èrò jọ. Kí akéde ìlú lu agogo lọ́jọ́ mẹ́ta àti lọ́jọ́ kan ṣáájú. Kí wọ́n ka ìwé ìkéde ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí àwọn tó wà ní Èkó, Àbújá àti Lọ́ńdọ̀n mọ̀, nítorí nínú wọn ni ẹ ti máa rí ẹni tó máa ra epo jẹnẹrétọ̀. Kí ọ̀rọ̀ ìkéde sọ ohun tí èèyàn máa rí àti ohun tó lè mú wá: "Ẹ wá wo bí iṣu ṣe dé Àkókó. Ẹ mú iṣu kan tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ wá."

Ètò ọjọ́ náà

Agogo mẹ́sàn-án: ìpàtẹ ṣí fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Kí olùkọ́ wọn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ohun kan láti wá rí.
Agogo mẹ́wàá ààbọ̀: ìkíni, alága, àdúrà ìmáàmù àti ti àlùfáà.
Agogo mọ́kànlá: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì àti ìbéèrè.
Agogo méjìlá àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá: fíìmù, lẹ́yìn náà ìjíròrò.
Agogo kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ìsinmi, ìrun ọ̀sán, iṣu sísè àti iyán.
Agogo méjì ààbọ̀: gbogbo ilé dìde wo ìpàtẹ, kí àwọn tó ni nǹkan dúró ti nǹkan wọn, kí wọ́n ṣàlàyé.
Agogo mẹ́ta ààbọ̀: ẹnì kan ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sí ìlà òfo jáde sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé. Ìdúpẹ́. Ó parí.

Bí ọba bá pẹ́, ẹ má dá àwọn ọmọdé dúró nínú oòrùn. Ìpàtẹ ti ṣí, wọ́n ti ń wò ó. Ìdí tí mo fi fi í ṣáájú nìyẹn.

Lẹ́yìn ètò

Iṣẹ́ ọjọ́ kejì ló ń fi ẹni tó fẹ́ràn ìlú hàn. Ẹ dá gbogbo ohun tí ẹ yá padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí onílé fọwọ́ sí i nínú ìwé kan náà. Ohun tó bá bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ kí ó tó rí i, ẹ sì tún un ṣe.

Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta ohùn àti fíìmù ọjọ́ náà: ọ̀kan fún ìgbìmọ̀, ọ̀kan fún ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan nínú ìlú, ọ̀kan fún yunifásítì ní Àkùngbá. Kọ̀ǹpútà ń kú, fúláàṣì ń sọnù, ènìyàn ń ṣí lọ; ohun tó wà níbi mẹ́ta kì í tètè parẹ́. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti èdè sára ìkọ̀ọ̀kan, nítorí ohùn tí a kò mọ ẹni tó ni ín kò yàtọ̀ sí òkú tí a kò mọ ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti àwọn ìwé àlàyé tí ẹ fi ìlà sílẹ̀ lófo sí. Ẹ máa bá oríṣiríṣi ọwọ́ ìkọ̀wé níbẹ̀: ti ọmọdé tó kọ orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ ń pe ewùrà, ti ará Arìgìdì tó ní tiwọn yàtọ̀, ti àgbà tó ní irú èyí ti tán nínú oko láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé. Ẹ tún wọn kọ sínú ìwé kan, orúkọ iṣu lápá kan, ìlú lápá kejì. Ìwé tí kò sí ní ilé ìkàwé kankan nìyẹn, ìlú ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó pa á dé, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ tó dá yín lẹ́kọ̀ọ́. Bí kò bá mọ̀wé kà, ẹ kà á sí i létí lẹ́bàá abà rẹ̀, orúkọ kan lẹ́yìn òmíràn. Yóò dá yín dúró níbì kan, yóò ní, "Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é." Ẹ mú bírò jáde. Ètò ọdún tó ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.